Orúkọ Tí Herbert Kò Lè Pè Létí Ìyá Rẹ̀

Orúkọ ọmọ mẹ́ta ni ó yẹ kí Herbert pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Méjì ni ó pè. Ní Igbein, àwọn kan sọ ọ́ káàkiri pé ṣe ni ó gbàgbé ẹnì kẹta; àwọn mìíràn ní ọmọkùnrin nìkan ni ó kà sí ọmọ. Ti àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ti ìkejì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òwúrọ̀ tí Herbert jí tí kì í ronú kan ọmọbìnrin náà kó tó ronú kan ẹlòmíràn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè la ẹnu níwájú ìyá rẹ̀, ó sì yẹ kí a tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an.

Adétáyọ̀ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí ogun tú Igbein àtijọ́, kí àwọn Ẹ̀gbá tó kóra jọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, ojú rẹ̀ ló ṣe tí ìyá rẹ̀, Tẹjúmádé, ṣubú lulẹ̀ nínú odò kékeré kan, tí àwọn tó ń sá bọ̀ lẹ́yìn sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò rí i kó dìde. Wọ́n mú òun náà kí ó tó dé òdìkejì odò, wọ́n tà á títí ó fi dé etí òkun, wọ́n sì tì í sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà lójú omi, tó kó gbogbo wọn lọ sí Freetown, ìlú tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Sàró.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi, tí wọ́n pè é ní Herbert. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́ ìlagi: òun á dúró lókè ìtì igi, ẹnì kejì rẹ̀ á wà nínú kòtò nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa fa ayùn gígùn náà sókè sódò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé Harriet níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó Harriet. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ogun tó dé. Kò ní ẹbí kankan ní Sàró àfi Títílọlá, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀ kan náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti mú ara wọn ní ọmọ ìyá.

Ọkùnrin ni Harriet kọ́kọ́ bí, wọ́n sọ ọ́ ní Dìran. Obìnrin ni èkejì. Bí wọ́n ti gbé ọmọ náà lé Herbert lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún.

"Yéwándé ni," ó ní. "Ìyá mi ló padà wá bá mi níbí."

Kò sí ẹni tó ta kò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ń jẹ́ Yéwándé ní Sàró nígbà náà, nítorí ìyá tó kú sí ojú ogun kò lóǹkà.

Ní ọdún 1847, tí àbíkẹ́yìn wọn, Olúṣẹ̀yẹ, ṣì ń mu ọmú, Herbert bá àwọn Ẹ̀gbá tó ń padà sílé wọkọ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ná. Bí òun bá ti rí ilé, òun á ránṣẹ́ wá kó ìyàwó àti àwọn ọmọ. Yéwándé, ọmọ ọdún mẹ́rin, di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú ní èbúté, ó fẹ́ mọ ìgbà tí bàbá òun máa dé. Herbert ní òun kò ní í dé, pé àwọn ni yóò wá bá òun.

Ní Abẹ́òkúta, ìlú àtijọ́ tí olúkúlùkù ti wá ni wọ́n fi pín àdúgbò, nítorí náà ẹni tó ń wá ènìyàn rẹ̀ kò ní í rìn jìnnà. Herbert béèrè àwọn ará Igbein, wọ́n sì júwe agbo ilé kan fún un. Obìnrin arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bó ẹ̀gúsí. Obìnrin náà wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀.

"Sàró, ta lo ń wá?"

Herbert ti mọ̀ ọ́n. Ohùn náà ti tó fún un. Ó sọ orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.

Arúgbó náà gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Àwọn méjì ti wá purọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Lọ́jọ́ tí a sá, kí lo rù?"

"Adìẹ tó ń sàba, pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ẹ ní kí n sọ ọ́ nù, mi ò sọ ọ́ nù."

Igbe tí Tẹjúmádé ké ló pe gbogbo agbo ilé jáde.

Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n bí Herbert ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní tí ìyá rẹ̀ tẹ́ fún un, ó rántí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, òun sì ti sọ ọmọ ní Yéwándé. Bí ó bá pe orúkọ náà létí ìyá, bí ẹni tó ń sọ fún un lójú pé ó ti kú ni, pé wọ́n ti sin ín, pé wọ́n ti fi ọmọ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìyá béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, ohun tó wí kò ju pé, "Àwọn ọmọ wà, Ìyá. Ìyá wọn ń tọ́jú wọn." Ìyá kò béèrè iye wọn, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi ọlọ́mọ. "Orí wọn á máa ṣọ́ wọn," ló wí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nínú Herbert fún ọdún méjì gbáko, tó ń la igi, tó ń kọ́lé, tó ń wá ọjọ́ tí yóò sọ ọ́ tí kò sì rí i.

Ọdún 1849 ni ilé parí. Nígbà náà, àwọn oníṣẹ́ ibi ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ jáde ní Sàró láti lọ tà wọ́n létí òkun, nítorí náà ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọmọdé wọkọ̀ láìní ìwé. Ọkọ tó bá fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ jáde gbọ́dọ̀ kọ orúkọ olúkúlùkù wọn ránṣẹ́, kí àgbà kan nínú ẹbí sì fọwọ́ sí i pé ilé wà fún wọn, oúnjẹ sì wà.

Tẹjúmádé ní kò sí àgbà mìíràn tí yóò fọwọ́ sí i, àfi òun.

Olúṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló wá kọ ọ́. Láwàlì, ọ̀rẹ́ Herbert, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí tó ń kó epo lọ sí Àgbádárìgì, ló máa mú un lọ. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn alárù rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà bodè pẹ̀lú àwọn tó gbé ìbọn tí yóò sìn wọ́n, nítorí nígbà náà kò sí ẹni tó ń dá rin ọ̀nà náà.

Olúṣẹ́gun ti gègé bọ inú tàdáwà. "Orúkọ ìyàwó yín, sà?"

"Harriet."

"Orúkọ àwọn ọmọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí."

"Dìran."

Tẹjúmádé pàtẹ́wọ́. "Dìran! Tún un pè kí n gbọ́."

"Dìran ni, Ìyá."

"Lẹ́yìn Dìran?" ni Olúṣẹ́gun wí.

Herbert la ẹnu. Ìyá rẹ̀ ti na ọrùn sí i, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń dúró de orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kàn. Herbert pa ẹnu dé.

"Háà, Sàró!" ni Láwàlì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ ni? Ṣòkòtò yẹn ló fún ẹ jù. Bọ́ ọ, kí ọpọlọ rẹ lè mí. Àwọn alárù mi ti gbẹ́rù o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Herbert náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Olúṣẹ̀yẹ," ó wí.

"Ṣé ó parí, sà?"

"Ó parí."

Olúṣẹ́gun fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òmíràn kún un lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa. Ó fi gègé lé Tẹjúmádé lọ́wọ́. Arúgbó náà fa àmì àgbélébùú kan tó wọ́ díẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè gbẹ.

Èrò Herbert ni láti tẹ̀lé Láwàlì dé bodè, kó sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní òun náà á sin ìwé àwọn ọmọ òun jáde. Ó di ọwọ́ Herbert mú, ó ń tiro, ó ń súre fún ìwé náà láti ilé títí dé bodè, kò sì fi ọwọ́ Herbert sílẹ̀ títí àwọn alárù fi wọ igbó.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, Herbert lọ bá Olúṣẹ́gun nílé ẹ̀kọ́.

"Tíṣà, ọmọ kan kù."

Nígbà tí Olúṣẹ́gun gbọ́ ìdí rẹ̀, ó kọ háà. "Sà, ẹ jẹ́ kí a kọ òmíràn. Àwọn elépo míràn ń lọ lóṣù tó ń bọ̀."

Herbert rò ó wò. Kíkọ òmíràn túmọ̀ sí pé ìyá á tún fọwọ́ sí i, yóò sì béèrè ohun tó fa òmíràn. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni," ló wí níkẹyìn. "Ta ni yóò já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí bébà? Harriet á fẹnu sọ ọ́ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ náà fara jọ òótọ́. Ó padà sílé.

Oṣù kìíní ọdún 1851 ni wọ́n dé. Àwọn alárù Láwàlì ló mú wọn wọ Igbein lọ́sàn-án gangan. Tẹjúmádé ti gbọ́ láti àárọ̀, ó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi tútù nínú igbá, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó tuntun.

"Ìyàwó mi, o kú ewu ọ̀nà! O kú ìrìn!"

Harriet kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé, Ìyá."

Arúgbó náà da omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó da á sí Dìran lẹ́sẹ̀, ó sì da á sí Olúṣẹ̀yẹ, tó kígbe pé omi náà tutù jù, tí gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Herbert kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Ó wo àwọn alárù lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ ẹrù, ó wo ojú ọ̀nà títí dé ibi tó ti yà. Kò sí ẹnì kankan mọ́.

Harriet kò tíì kí i. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kọjú sí i.

"Bàbá Dìran, ọmọ mélòó ni mo bí fún yín?"

"Ìyàwó mi," ni Tẹjúmádé wí kíá, "má ka ọmọ ní gbangba."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kó kà wọ́n. Òun ló ti kà wọ́n sínú ìwé."

Harriet wá sọ bó ti rí. Ní èbúté Sàró, akọ̀wé kan jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ó pe Harriet, ó pe Dìran, ó pe Olúṣẹ̀yẹ. Ó wá fi gègé tọ́ka sí ọmọbìnrin tó wọ aṣọ tuntun.

"Ó ní, 'Ọmọ ta nìyí?' Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ìwé kò mọ̀ ọ́n, pé wọ́n sì ti fa ìlà sí i. Mo ní inú mi ló ti jáde. Ó ní gbogbo àwọn tó ń jí ọmọ gbé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹrù wa ti wà nínú ọkọ̀. Ilé wa ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Dìran ti wà lókè, ó ń pè mí. Títílọlá ló fà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, 'Fi í sílẹ̀ fún mi, kí bàbá rẹ̀ kọ ìwé tó pé, èmi fúnra mi ni n ó mú un wá.'" Ó nu ojú rẹ̀. "Kò sunkún. Ohun tó bi mí ni pé, 'Màámi, ṣé bàbá ò fẹ́ Yéwándé ni?'"

Tẹjúmádé sún mọ́ ọn.

"Kí lo pè é?" ni Tẹjúmádé wí.

"Yéwándé, Ìyá."

Arúgbó náà yí ojú sí ọmọ rẹ̀. Herbert ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sọ ohun gbogbo láti ilẹ̀, kò gbójú sókè: odò tó rí i tó ṣubú sí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òwúrọ̀ ìwé.

Harriet ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìyá tèmi náà kú! Àbí ìyá tiyín nìkan ni ìyá? Ẹ bá ti wí pé ìyá tèmi ló padà wá, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán!"

Herbert gbé orí sókè, ó wò ó. Fún ọdún mẹ́rin tó fi ń wá ohun tí yóò sọ, ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tẹjúmádé kò bínú, ìyẹn ló burú jù fún un. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ.

"Adétáyọ̀, mo kú lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ tó gba orí mi kọjá nínú odò yẹn pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Bí o bá pè é létí mi, ṣé ǹ bá tún kú ni? Ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ǹ bá sọ fún gbogbo Igbein pé mo wà níhìn-ín, mo sì wà ní Sàró, mo ń sáré kiri." Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Pe tíṣà. Kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú tàwọn yòókù."

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fa àmì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kí Láwàlì tó rí ẹgbẹ́ tí yóò bá lọ, àwọn ará Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi ní oṣù kẹta. Bí àwọn Ẹ̀gbá ti lé wọn padà, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ọ̀nà sì dí. Ìwé náà wà nínú àpótí Láwàlì, tó fi awọ ewúrẹ́ wé e. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Harriet ń lọ síbẹ̀.

"Bàbá, ọ̀nà ti là?"

"Kò tíì là, ìyàwó wa."

Láwàlì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kò bá a ṣeré mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjèèjì, Harriet àti ọkọ rẹ̀, kò jà. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: lẹ́yìn ọjọ́ tó dé, kò pè é ní Bàbá Dìran mọ́. Bàbá Yéwándé ló ń pè é, nínú ilé, lójú ọ̀nà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó ń fi kẹ́ ẹ ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852 ni ìwé náà tó jáde, láti ọ̀nà Èkó. Oṣù kọkànlá ni èsì dé. Olúṣẹ́gun kà á fún wọn: ọkọ Títílọlá, tó jẹ́ bíríkìlà, rí iṣẹ́ sí Bathurst ní ẹnu odò Gáńbíà. Wọ́n dúró de ìwé fún oṣù mẹ́rìnlá. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì mú ọmọ náà dání lọ ní oṣù kẹta. Ìwé dé Sàró ní oṣù kẹrin.

"Tún un kà," ni Herbert wí.

Olúṣẹ́gun tún un kà.

"Tún un kà."

Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, Herbert béèrè ibi tí Gáńbíà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ́ máàpù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka hàn án. Ó jìnnà ju Sàró fúnra rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Herbert jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ, ó wo bó ti gbó tó, kò mọ bí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Lọ," ni Tẹjúmádé wí, kó tó sọ nǹkan kan. "Bí o bá dúró nítorí mi, ẹlẹ́ẹ̀kejì tí o fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Oṣù kìíní ọdún 1853 ni ó kúrò nílé. Harriet sìn ín dé Itori, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Èkó ti máa ń sinmi. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi kan, wọ́n jẹ ẹ̀kọ tó dì. Nígbà tí àwọn alárù dìde, Harriet gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀.

"Bí ẹ bá rí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ti mọ ìbínú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun."

"Mo gbọ́."

"Bàbá Yéwándé."

"Hẹ̀n?"

"Ó fẹ́ràn iyọ̀ lórí ẹyin."

Herbert mi orí, ó sì tẹ̀lé wọn.

Ìwé mẹ́ta ló kọ sílé. Ti àkọ́kọ́ ti Freetown wá: ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Gáńbíà. Ti èkejì ti Bathurst wá, ní ọdún 1854: ibà ti pa Títílọlá ní òjò àkọ́kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti gba òkè odò lọ, ó sì mú ọmọ náà dání, tàbí ó fi í sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ẹnu àwọn ará àdúgbò kò kò lórí èyí. Nínú ẹ̀kẹta, ti ọdún 1856, ó ní òun ti gun odò náà lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ti rí ọkọ Títílọlá. Ọkùnrin náà ní òun fi ọmọ náà sílẹ̀ fún obìnrin oníṣòwò kan tó ti kúrò níbẹ̀. Herbert ní òun á dúró títí obìnrin náà á fi tún sọ̀kalẹ̀ wá. Ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Tẹjúmádé ti kú ní oṣù méjì kí ìwé yẹn tó dé. Wọ́n kọ̀wé sí Herbert nípa rẹ̀, kò sì sí èsì. Harriet kọ òmíràn, ó tún kọ òmíràn. Nígbà tí Dìran dàgbà, ó ní òun á lọ wá bàbá òun. Harriet di ẹnu ọ̀nà, ó ní kò sí ẹni tó tún ń jáde nínú ilé òun láti lọ wá ẹnì kankan.

Oṣù kọkànlá ọdún 1859 ni wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, láti ẹnu Jùbrílù, oníṣòwò kan tó ti Gáńbíà dé. Herbert ṣì wà ní Bathurst, ní ẹnu odò, kò tíì rí ọmọ náà. Ó ń la pákó ní àgbàlá onígi kan létí omi, ó sì ń gbé yàrá kan lẹ́yìn àgbàlá náà, òun nìkan.